Ẹja Òkun Nínú Ilé: Iṣẹ́ Ọkọ Ni Tàbí Iṣẹ́ Aya?

Kókó tí a gbé ka iwájú fún ìjíròrò wa ni bí ó ti yẹ kí tọkọtaya pín iṣẹ́ ìtọ́jú ẹja òkun tí wọ́n ń sìn nínú àpótí gíláàsì láàrin ara wọn. Ó lè jọ ẹlòmíràn lójú pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ náà yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ń da ilé rú ni ó fara pamọ́ sínú àpótí kékeré yẹn: ta ni ń ṣiṣẹ́, ta ni ń gba ìyìn, àti pé ta ni ó mọ ohun tí ẹnìkejì kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo orírun àṣà náà. Jeanne Villepreux-Power, obìnrin ará Faransé tí ó gbé ní Messina ní erékùṣù Sicily, ṣe àpótí gíláàsì ní ọdún 1832 láti fi wo ìgbésí ayé àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ní ọdún 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kó iyùn ààyè láti Torquay ní etí òkun wá sí ilé rẹ̀, ó sì tọ́jú wọn dáadáa. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ní ayé ìgbà náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ obìnrin ni ó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀, tí ó ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí èkejì lójoojúmọ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Orúkọ Anna Thynne wà nínú ìtàn; ta ni ó ń pe orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ náà? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí pé nínú ilé púpọ̀ lónìí, ọ̀kan nínú tọkọtaya ni ó ra ẹja, òun náà ni ó ń fi wọ́n han àlejò. Ẹnìkejì sì ti di ọmọ ọ̀dọ̀ àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà á sí iṣẹ́.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Òkun gbòòrò, omi rẹ̀ kì í tètè yí padà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú rẹ̀ kò fi lè fara da ìyípadà òjijì. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ìgbóná tí ẹja òkun ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ wà láàrin ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 24 sí 27. Ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù a máa di amóníà, májèlé sì ni èyí jẹ́ fún wọn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ní oró. Àwọn mìíràn a sì sọ ọ́ di náítíréètì, tí oró tirẹ̀ kéré púpọ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Bí amóníà bá ju agbára wọn lọ, omi lè mọ́ gaara lójú kí ó sì jẹ́ pé májèlé ni ẹja ń mí.

Níbi oúnjẹ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi tọkọtaya Yorùbá kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ń ṣe iṣẹ́ òru. Ọkọ jẹ́ olùkọ́. Ìyàwó dé ní òwúrọ̀, ó fún ẹja ní oúnjẹ, ó lọ sùn. Ọkọ dé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹja ti rí i ni wọ́n sáré wá sí ojú gíláàsì, wọ́n ń la ẹnu. Àánú ṣe é, ó tún bu oúnjẹ sí i. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí dà rú, ẹja méjì sì kú.

“Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ tún fún wọn ní oúnjẹ ni?”

“Ìyá Tọ́lá, ṣebí ìwọ ni o fẹ́ fi ebi pa wọ́n.”

Kò sí ọ̀lẹ nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ìkà. Ìfẹ́ ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó pa ẹja. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọni, ebi ni í pa á kú. Ẹja àjọni ní tirẹ̀, oúnjẹ àpọ̀jù ni í pa á kú. Jíjẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò burú, bí a bá ti pín oúnjẹ náà tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàrin ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni ó tó lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbọ́ wa. Àpótí tí ó gba lítà omi 200 ní iyọ̀ kílógíráàmù 7 nínú. Bí lítà 10 bá gbẹ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, omi nìkan ni ó lọ. Gbogbo iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Omi aláìníyọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi dí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ṣàlàyé fún yóò rò pé omi iyọ̀ ni ẹja òkun ń fẹ́, yóò sì bu omi iyọ̀ sí i. Gíráàmù 350 ni ó fi kún un yẹn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iyọ̀ ti di kílógíráàmù 8.4, èyí tí í ṣe gíráàmù 42 nínú lítà kan. Ta ni ó jẹ̀bi? Lójú tèmi, ẹ̀bi ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ ju ti ẹni tí kò mọ̀ lọ.

Ewu ń bẹ fún ènìyàn pàápàá. Àwọn ẹ̀yà iyùn kan wà tí májèlé inú wọn lágbára gidigidi. Bí a bá se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, tàbí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, májèlé náà lè bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2018, ìdílé kan ní Oxfordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ àpótí iyùn wọn. Iná mànàmáná àti omi iyọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́; a gbọ́dọ̀ yọ okùn iná kí a tó ti ọwọ́ bọ omi. Ọkọ tí ó mọ èyí tí kò sọ fún aya, tàbí aya tí ó mọ̀ ọ́n tí kò sọ fún ọkọ, ti fi ẹ̀mí ẹnìkejì ta tẹ́tẹ́.

Báwo ni a ó ti wá pín in? Lákọ̀ọ́kọ́, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí kan. “Ẹni tí ó bá ráyè” kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Èkejì, kí a lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, kí ẹni tí ó bá fún ẹja ní oúnjẹ tàbí tí ó wọn iyọ̀ kọ wákàtí àti ìwọ̀n síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a pín iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí agbára àti àkókò, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí akọ tàbí abo. Bí a bá ń pààrọ̀ lítà 20 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹrù kílógíráàmù 20 ni a fẹ́ gbé. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ le ni kí ó gbé e, kí ẹni tí ó ní sùúrù po iyọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àìsàn tàbí ìrìn-àjò ẹnìkan má baà di ikú ẹja. Paríparí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja tuntun láìjẹ́ pé ẹnìkejì gbà, nítorí ẹni tí ó ra ẹja ti ra iṣẹ́ fún ẹni méjì.

Ẹ̀kọ́ kan wà lára ẹja tí Òyìnbó ń pè ní clownfish, tí ó wá láti òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Abo rẹ̀ ni ó tóbi jù, òun sì ni olórí. Bí ó bá yé ẹyin, akọ ni ó máa ń fi lẹbẹ́ fẹ́ omi sí wọn, tí ó sì ń ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí wọn yóò fi pa. Èmi kò sọ pé kí ènìyàn máa gbé bí ẹja. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹyin náà kò ní í pa bí ẹnìkan kò bá dúró tì í.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè máà sin ẹja òkun láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ ń bẹ nínú ilé yín, òbí àgbà ń bẹ, ọgbà ń bẹ. Iṣẹ́ tí a kò pín kì í parẹ́. Orí ẹnìkan ni í dá lé, onítọ̀hún a sì máa rù ú ní ìdákẹ́jẹ́ títí ọ̀rùn yóò fi rọ̀ ọ́. Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ jókòó ni èyí: nínú ilé tiyín, ta ni ó ń dúró lẹ́bàá fèrèsé da omi, ṣé ẹ sì mọ̀ ọ́n?