Èrè Ẹni Tí Ó Ṣọ́ Iná Lò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ‘Yinniyinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.’ Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú òwe yìí gan-an ni ìjọba ilẹ̀ Íńdíà tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá yóò fi dín agbára tí wọ́n ń lò kù. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùwòran lálẹ́ òní ni èyí: báwo ni a ṣe ń yin ẹni tí ìyìn náà kò fi ní di ẹ̀bùn ọ̀fẹ́?

Ní 2001 ni àwọn aṣòfin Íńdíà ṣe òfin lórí ìṣọ́ra-lo agbára. Ní 2002, wọ́n dá àjọ tí yóò máa mójú tó o sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èédú ni wọ́n fi ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná wọn, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rọ̀bì wọn. Iná tí ilé-iṣẹ́ kan bá fi ṣòfò, gbogbo ìlú ni í jẹ gbèsè rẹ̀.

Ètò èrè náà bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ilé-iṣẹ́ 478 ni ó wà nínú ìpele kìíní, tí ó parí ní 2015. Lára wọn ni àwọn tí ń pèsè iná mànàmáná, àti àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irin, ajílẹ̀, ìwé àti aṣọ.

Ìjọba kò gbé ẹrù kan náà lé gbogbo wọn lórí. Wọ́n kọ́kọ́ wo iye agbára tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò láti ṣe ìwọ̀n ọjà kan, kí wọ́n tó sọ iye tí yóò dín kù fún un. Ẹni tí ó ti ń ṣọ́ iná lò tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí ń lò ó ní ìlò àpà, tirẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ọdún 3 pé, àwọn ayẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí lọ wọn ohun tí oníkálukú lò. Ẹni tí ó ṣe ju iye tí a ní kí ó ṣe gba ìwé-ẹ̀rí, ìwé kan sì dúró fún agbára tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù epo 1. Ẹni tí kò ṣe tó ní láti ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àṣẹ́kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò san owó ìtanràn. Nípa báyìí, kì í ṣe inú àpò ìjọba ni èrè náà ti jáde, bí kò ṣe inú àpò ẹni tí ó fà sẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà sì so èso. Agbára tí wọ́n fojú sùn pé wọn yóò fi pamọ́ tó ti epo tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 6.7, èyí tí wọ́n rí fi pamọ́ tó mílíọ̀nù 8.7.

Síbẹ̀, inú ayọ̀ yìí ni ìṣòro ti yọjú. Nígbà tí ọjà ìwé-ẹ̀rí náà ṣí ní 2017, èyí tí ìjọba ti fún àwọn tí ó ṣe dáadáa lé ní 3,800,000, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn tí ó fà sẹ́yìn ní láti rà kò pé 1,500,000. Bí ẹ̀fọ́ bá kún ọjà tí olùrà kò tó, ẹ̀fọ́ a di ọ̀pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti náwó gọbọi sórí ẹ̀rọ tuntun wá rí i pé èrè òun kò níye lórí mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le. Èrè tí a kò fi òṣùwọ̀n wọn, ẹ̀bùn lásán ni. Òṣùwọ̀n tí ó sì rọ̀ jù, kì í jẹ́ kí èrè níye lórí. Ní 2022, àwọn aṣòfin Íńdíà tún òfin náà ṣe. Ní 2023, ìjọba kéde ètò mìíràn tí ó ń wọn èéfín kábọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ń tú jáde dípò agbára tí ó ń lò. Ibi tí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n sí ni yóò sọ bí èyí náà yóò ti rí. Yinniyinni dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ń yìn kí ó tó làágùn, ibi tí ó wà ni yóò jókòó sí.