Ẹ̀fẹ̀ Kì í Ṣe Èébú



Ní 1982, Stéphane Collaro ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n TF1 ní Faransé. Inú eré yẹn ni Le Bébête Show ti jáde. Ọmọlángidi ẹranko ló fi ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú níbẹ̀. Mitterrand, olórí orílẹ̀-èdè, ó sọ ọ́ di kọ̀ǹkọ̀! Ẹ sì wò ó, títí di 1987, ìjọba ló ni TF1. Síbẹ̀, Mitterrand wà lórí àlééfà títí di 1995. Ẹ̀rín ò lé e kúrò.

Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa nígbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, à ń wẹ̀yìn ká tó rẹ́rìn-ín. Àpérò ńlá ti 1990 ní Kútọnu ló jẹ́ ká lanu.

Ṣé Faransé ló wá kọ́ wa ni? Rárá o. Ní Kétu, Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, ó ń fi orin bá aṣebi wí, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ ìjòyè.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, àwọn kan á máa fowó ra ẹnu akọrin. Ẹnu tí wọ́n bá ti rà ò lè sọ òótọ́ mọ́.

Ẹ̀yin bàbá wa, ọba kì í pọ̀kọrin. Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀fẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin akọrin náà, ẹ má fi àbùkù ara ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwà ni kẹ́ ẹ bá wí.