Oògùn Tó Dé Inú Ọmọ Ni Kí A Kà

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní ìlú Kánò

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ga, kò sì jìn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ni, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí oògùn wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n tó di ẹnu pinpin. Bí a bá rọra fi sí i lẹ́nu, á tu ú. Bí a bá dì í mú, á ta gbogbo rẹ̀ nù. Ilé ta ni kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí nínú àwa tí a jókòó síbí? Bí ara ọmọ bá yá tán, a máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ibà kì í dúró de ọmọ kí ó gbọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé: oògùn tó kúrò nínú ìgò kọ́ ni ọmọ lò, èyí tó dé inú rẹ̀ ni. Ìyá lè ka ìgbà mẹ́fà, kó jẹ́ pé ìgbà mẹ́ta péré ló wọlé. Ìyókù wà lára aṣọ, lára ìrọ̀rí, lórí ilẹ̀. Ibà tí a fi ààbọ̀ oògùn lù kò kú, ó sá pamọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á padà dé, a ó sì máa sọ pé ayédèrú ni oògùn náà, tàbí pé ayé ló ń ṣe ọmọ.

Nílé, bí ọmọ bá kọ oògùn, ọwọ́ pọ̀. Ẹni kan á mú ẹsẹ̀, ẹni kan á mú orí, ìyá àgbà á tẹ́ ọmọ sí itan, á kó ọwọ́ bò ó lẹ́nu bí ife, á sì rọ ọ́ lágbo. Bí kò bá fẹ́ gbé e mì, wọ́n á dí i nímú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ púpọ̀ nínú wa. A kò bú àwọn ìyá wa. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló pàdé ní ọ̀fun: ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí. Ọmọ tó ń ké, tí a dojú rẹ̀ kọ òkè, tí a tún dí i nímú, èémí ló ń wá kiri. Bí a bá da oògùn sí i lẹ́nu lásìkò yẹn, oògùn lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè sé èémí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè dá àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Ibà kan tí a ń wò á di àìsàn méjì.

Kí a tó sọ ọgbọ́n tí a ó dá, ẹ jẹ́ kí a ya ọmọ tó kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí kò lè. Ọmọ tó kọ oògùn ṣùgbọ́n tó ń mu omi, tó ń mu ọmú, tó sì ń ké kíkankíkan, ọmọ tó kọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè mu omi tàbí ọmú rárá, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ padà, tí gìrì mú un, tàbí tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò dáhùn bí a bá pè é, ọmọ náà kò kọ oògùn, kò lè lò ó ni. Ẹ má ṣe máa bá a fa oògùn ẹnu. Ilé ìwòsàn ni kíá, ì báà jẹ́ òru. Ọmọ tí gìrì mú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín eyín. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó dópin láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ì bá gbà là ló ti ti ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ti ọmọ tó kọ̀, kí ló dé tó ń kọ̀? Kì í ṣe agídí lásán. Ahọ́n ọmọdé máa ń mọ ìkorò lára ju ti àgbà lọ. Ọjọ́ orí yìí náà ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lè sọ pé "rárá". Kì í sì í gbàgbé: bí a bá fi ipá rọ ọ́ láàárọ̀, bó bá ti rí ṣíbí lálẹ́ ni igbe á bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èkíní, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún wa ní oògùn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, nítorí ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn. Ẹ béèrè bóyá èyí tó jẹ́ olómi wà, tàbí hóró tó ń yòrò nínú omi. Ní ọdún 2005 ni Nàìjíríà fi àdàlù oògùn tó ní artemisinin rọ́pò chloroquine tó korò bí ewúro. Láti ọdún 2009 ni artemether-lumefantrine tó ń yòrò nínú omi, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, sì ti jáde. Ẹ má ṣe fún ọmọ kékeré ní odidi hóró gbé mì, ẹ má sì lọ oògùn àgbà fún un láìbéèrè. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún: mélòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ọjọ́ mélòó, ṣáájú oúnjẹ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí a ó ṣe bí ọmọ bá bì í.

Àwa tí a wà lájò, èdè lè fi oògùn ṣì wá lọ́nà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní "sau biyu a rana", ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, "cuillère à café" ni ṣíbí kékeré, mílílítà 5. "Cuillère à soupe" ni ṣíbí ńlá, mílílítà 15. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìlọ́po mẹ́ta oògùn ló fún ọmọ yẹn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ẹ má sì fi ṣíbí ọbẹ̀ wọn oògùn, nítorí ṣíbí ilé yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Síríǹjì, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní irin lẹ́nu, ló dára jù. Ẹ rà á ní kẹ́míìsì, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì fi sọ́tọ̀ fún ọmọ.

Èkejì ni bí a ó ṣe fún un. Ẹ gbé ọmọ jókòó ṣánṣán lórí itan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà yín. Ẹ fi apá kan gbá a mọ́ra. Ẹ fi ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbé èyí mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fín in tààrà sí ọ̀fun. Bí ó bá ń ké, ẹ dúró kí ó sinmi. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Èkẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má bi ọmọ pé, "Ṣé wàá lo oògùn?" Ẹ ti mọ èsì. Ẹ bi í pé, "Ṣé Bàbá ni yóò fún ọ ni, àbí Màmá?" "Ṣé omi lo máa mu lé e, àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Lílo oògùn kò sí nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n ọmọ rí nǹkan yàn. Ẹ má pè é ní súìtì, torí ọmọ tó gbà pé súìtì ni á wá a lọ sí ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé. Ẹ sọ fún un pé ó korò díẹ̀, pé kò ní pẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ dókítà dẹ́rù bà á. Bó bá sì gbé e mì tán, ẹ yìn ín, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀kẹrin ni fífi oúnjẹ pò ó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn náà gba bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀, bí àpẹẹrẹ, wàrà àti tíì máa ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n artemether-lumefantrine fẹ́ oúnjẹ tó ní ọ̀rá, nítorí náà wàrà tàbí ọmú ìyá ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá ṣeé pò, ṣíbí kan péré ni kí ẹ lò: ògì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀, tàbí nono. Ẹ má dà á sínú odidi abọ́ ògì. Bí ọmọ bá mu ún dé ìdajì tó kọ̀, ta ni yóò mọ iye tó wọlé? Ó sì lè kọ ògì fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fún un ní oyin.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣirò. Artemether-lumefantrine tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, ọmọ tó tó kílò 5 ṣùgbọ́n tí kò tíì tó kílò 15 ń lo hóró kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3. Hóró 6 ni gbogbo rẹ̀. Wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni ti èkejì. Bí ọmọ bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un, kí ẹ sì gba hóró mìíràn dípò rẹ̀. Oògùn mìíràn ní òfin tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ béèrè. Síǹkì tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ 10 sí 14 ni, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹta. Ẹ lẹ bébà mọ́ ara ògiri, kí ẹ fa igi kan lé e nígbàkígbà tí oògùn bá wọlé. Ọkọ tó bá ti ọjà dé á rí i, kò ní fún ọmọ lẹ́ẹ̀kejì.

Òjò tó ń bọ̀ yìí kàn wá gan-an. Lọ́dún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí oògùn ìdènà ibà lásìkò òjò fún àwọn ọmọ agbègbè tiwa yìí, láti oṣù 3 títí di ìgbà tí wọ́n á pé ọdún 5. Oṣooṣù ni wọ́n ń pín in láti ilé dé ilé. Lọ́jọ́ kìíní, ojú àwọn tó ń pín in ni ọmọ ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì àti ìkẹta, amodiaquine tó kù di ọwọ́ ìyá, ó sì korò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé, "Ó ti lo ti àná, ó tó." Kò tó o. Ẹ má tọ́jú hóró méjì náà fún ẹlòmíràn. Bí ara ọmọ bá sì ti ń gbóná kí wọ́n tó dé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Nítorí pé ọmọ kọ èyí tó korò, àwọn kan ń ra olómi aládùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú mọ́tò. Ẹ rántí pé ní ìparí ọdún 2008 wọ 2009, oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí èròjà olóró diethylene glycol tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, irú oró bẹ́ẹ̀ nínú oògùn ikọ́ pa ọmọ tó lé ní 60 ní ilẹ̀ Gáńbíà. Kíndìnrín ni oró náà ń bàjẹ́. Eyín híhù kò fẹ́ oògùn olómi. Ọ̀dọ̀ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti máa ra oògùn, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì tọ́jú ìgò rẹ̀. Bí ọmọ bá lo oògùn tí kò sì tọ̀ mọ́, ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Níkẹyìn, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, a mú àbá kan wá. Ìyá àgbà ọmọ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, orí fóònù nìkan ni ohùn rẹ̀ ń dé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí tọkọtaya tuntun lè kàn sí lóru, tí yóò wá jókòó tì wọ́n títí oògùn á fi wọlé. Ẹ̀yin baba náà, ẹ má sùn lọ kí ẹ fi ìyá nìkan sílẹ̀. Ẹnìkan á gbá ọmọ mọ́ra, ẹnìkan á fún un ní oògùn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

A kò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ. Àjò tí a wá, tọmọtọmọ ni a ó délé.