Adágún Chad Kò Tíì Kú

Adágún Chad ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé níbí lè ti rí àwòrán rẹ̀ rí: ti 1963 àti ti lẹ́yìn 2000, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ kún fún omi, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Wọ́n á ní ooru ayé ló gbẹ ẹ́, òun náà ló sì ń lé àwọn ará Áfíríkà wá sí Ítálì. Gbogbo ojú kíláàsì á wá yí sí yín. Kí lẹ máa fi dáhùn?

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ló jọ ni adágún náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá wá mú gbogbo Sahel ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Nígbà tó fi di nǹkan bí 1985, omi tó hàn sójú kò tó 2,500 mọ́. Ẹran kú, ẹja wọ́n, ìyàn mú.

Kí ló dé tó fi tètè fà bẹ́ẹ̀? Ẹ wo Garda tó wà nítòsí yín. Kò ju nǹkan bí 370 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ṣùgbọ́n ó jìn tó mítà 346. Adágún Chad fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà 3 lọ. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ da ìwọ̀n kan náà sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé méjèèjì sóòrùn. Èwo ló máa kọ́kọ́ gbẹ?

Òjò tó ń rọ̀ sórí adágún náà lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 300 mílímítà lọ. Èyí tí oòrùn àti atẹ́gùn ń fà gbẹ lé ní 2,000. Odò Chari àti Logone, tí wọ́n ń ti gúúsù bọ̀, ló ń bọ́ ọ. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án á rìn díẹ̀díẹ̀. Kó tó débẹ̀, ó ti di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní. Inú ọyẹ́, tí ẹ̀kán òjò kan kò sí, ni adágún yìí máa ń kún jù. Bó bá tún ń fà padà, àwọn àgbẹ̀ á tẹ̀ lé omi lẹ́yìn, wọ́n á gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tútù tó fi sílẹ̀.

Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, a kì í fi ìfúnpá tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì péré ṣèdájọ́ aláìsàn. Ìwé tí a ń kọ ọ́ sí láràárọ̀, lálaalẹ́, la máa ń wò. Adágún Chad náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì ló ń kọ ọ́. Láti àwọn ọdún 1990 ni òjò ti ń padà díẹ̀díẹ̀, tí omi náà sì ń padà. Tí a bá ka omi tó wà lábẹ́ koríko mọ́ ọn, ó lè tó nǹkan bí 14,000 ní ọdún tí omi bá pọ̀. Kò tíì dà bíi ti 1963, ṣùgbọ́n kò kú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àyẹ̀wò tí kò péye ló ń bí oògùn òdì. Láti àwọn ọdún 1980 ni Bonifica, ilé iṣẹ́ kan níbí ní Ítálì, ti ń dábàá Transaqua: kí wọ́n gbẹ́ ipa omi tó gùn tó nǹkan bí 2,400 kìlómítà, tí yóò darí omi àwọn odò tó ń wọnú Congo sínú Chari. Wọ́n tún gbé e yẹ̀wò ní ìpàdé Àbújá ní 2018. Bẹ́ẹ̀, láti 2009, ìbọn Boko Haram ló lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò létí omi náà, kì í ṣe òùngbẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì kọjá Maiduguri, Diffa àti àyíká ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo Maiduguri. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀dá nìkan, omíyalé ló máa bá a lójú oorun.

Ayé ń gbóná lóòótọ́, ó sì yẹ kó ká wa lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní 2022, ọ̀dá mú odò Po títí iyanrìn fi yọ síta. Ní oṣù karùn-ún 2023, omíyalé bo Emilia-Romagna. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé Po ti kú?

Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní: "Ó fà, ó ń padà, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àlàáfíà ni wọ́n kọ́kọ́ nílò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi han àwọn àbúrò yín.