Ẹ Dá Lọ sí Àgbádárìgì: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ọ̀tà

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, torí náà n ò ní pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Kí ọdún yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa mú ọjọ́ kan, kó dá lọ sí Àgbádárìgì, kó sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Mo ní kó dá lọ. Ẹ máa ń béèrè pé ìgbà wo la máa háyà bọ́ọ̀sì, ká jọ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ òru ráàyè kọ́ ni oníṣẹ́ ọ̀sán ráàyè. Owó kì í pé. Bá a bá sì lọ, orin la ó máa kọ, fọ́tò la ó máa yà, a ó padà dé láì gbọ́ ohun tí amọ̀nà sọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrìn yìí, etí la fẹ́ fi rìn ín, etí oníkálùkù sì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní London, ẹ ti rí fọ́tò wọn ní Brighton. Wọ́n á wọ rélùwéè láàárọ̀, wọ́n á jẹ ẹja díndín létí òkun, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Ṣé ẹ rò pé àwọn olówó ló jẹ́ kí àṣà yẹn gbilẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ni o. Rélùwéè dé Brighton ní 1841, ó dé Blackpool ní 1846, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní Lancashire ló sì kún Blackpool títí tó fi di ìlú ńlá. Bí ilé iṣẹ́ bá ti tì fún ìsinmi, etí òkun ni wọ́n ń gbà lọ. Ariwo ẹ̀rọ, èéfín, ọ̀gá tó ń wo aago: wọ́n mọ̀ ọ́n bí àwa tí à ń gbé láàárín ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó àti Ọ̀tà ṣe mọ̀ ọ́n. Àwa náà sì ní òkun nítòsí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó wà lápá Ṣàngó lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà, kó gba Ìgàndó já sí Ìyànà Ìbà, kó wá wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Ẹni tó wà nínú Ọ̀tà lè gba Atan àti Lúsàdà já sí Àgbárá, kó bọ́ sí títì Àgbádárìgì. Ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí òjò lè ti ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí aago mẹ́fà àárọ̀ bá yín nílé. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún ẹnì kan, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ mú owó dání. Tí amọ̀nà bá sún mọ́ yín, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gbéra.

Tẹ́ ẹ bá dé, ibi mẹ́ta péré ti tó.

Èkíní ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó oníwàásù parí ní 1845, létí ọ̀sà. Òun ni wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nínú ìlú yẹn kan náà lẹ máa rí ibi tí igi Agia wà kí ìjì tó wó o ní 1959. Lábẹ́ igi náà ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní September 24, 1842.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí 1842 yẹn kọjá lára yín lásán. Ọdún yẹn náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà. Kí ló wà nídìí ìjà yẹn? Ọ̀nà Àgbádárìgì ni. Ọ̀nà yẹn ni ọjà òyìnbó ń gbà dé Abẹ́òkúta, àwa la sì wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tiwa, wọ́n dó ti Adó-Odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, Adó tá a jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lónìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe rìn níbẹ̀ bí àlejò. Ìtàn tiyín wà nínú rẹ̀.

Ìkejì ni ọgbà Sẹ̀ríkì Williams Abass. Ọmọ Ìjogà-Orílé ni, nílẹ̀ Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ifáremilẹ́kún lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó sì dé Brazil. Nígbà tó padà, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Yàrá ogójì ni wọ́n ní ó wà nínú ọgbà tó ń kó wọn sí, sàárè rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ wọ yàrá kan, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí wọ́n tà ló wá di ẹni tó ń tà. Ẹni tó máa wá sọ fún àbúrò yín lónìí pé iṣẹ́ gidi wà ní Líbíà, èdè wa ló máa fi sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ ará àdúgbò. Ẹni tó bá ti dúró nínú yàrá yẹn á mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi onítọ̀hún.

Ìkẹta ni Gbẹ̀rẹ̀fù. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà. Ẹ rí i pé wọ́n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun, níbi tẹ́ni tó bá lọ kò ti ní padà mọ́. Ẹ má wọ omi yẹn o! Ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ. Ẹ jókòó, ẹ pa fóònù, ẹ wò ó.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń wá ọ̀nà àtijáde nílùú. N ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Àmọ́ àwọn tó gba etí omi yẹn lọ, wọn ò rí ẹni bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ, orúkọ ilé wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ mọ orúkọ ilé yín dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ.

Ìdí gan-an tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rèé. Àgbádárìgì tọ́jú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n tọ́jú ilé, wọ́n tọ́jú kànga. Àwa ńkọ́? Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ táwọn agbẹ́gilére Ọ̀tà gbẹ́ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. UNESCO kọ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2008. Mélòó nínú wa ló lè sọ agbo ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́ wọn? Ilẹ̀ ń di ilé iṣẹ́, agbo ilé ń di ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń darúgbó.

Tẹ́ ẹ bá ti Àgbádárìgì dé, ẹ sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín, ẹ kí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ohun kan: "Bàbá," tàbí "Ìyá, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́?" Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àyè wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. A ó kó wọn jọ, a ó kọ wọ́n sílẹ̀, torí ohùn tá ò bá gbà lọ́dún yìí, a lè má bá a lọ́dún tó ń bọ̀.

Àlọ ire, àbọ̀ ire o.