Ọlọ́jà àti Òkò Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ ọjà títà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó nìkan. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: bí ẹni tí a fẹ́ tajà fún bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù wá, kí ni kí a ṣe tí ọjà kò fi ní bàjẹ́, tí iyì wa náà kò sì ní wọ́lẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí ni ó gbé ìbéèrè náà kò mí lójú. Lẹ́yìn tí ó gboyè, iṣẹ́ tí ó rí ni kí ó máa ta ọ̀dà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége. Iye tí ó bá tà ni yóò sì sọ iye tí yóò gbà lóṣù. Ní ọjọ́ kan, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan fún wákàtí méjì. Nígbà tí ọ̀gá tí ń bá wọn ra nǹkan jáde, ọmọ náà kí i, kò jẹ́ ẹ. Ohun tí ó sọ ni pé, "Àwọn alágbe òwúrọ̀ tún ti dé." Ni ọmọ náà bá gbaná jẹ. Ó ní ìwé tí òun kà, baba ọ̀gá náà kò kà á rí. Ọlọ́dẹ ni ó tì í síta. Bí ó ti ń ròyìn rẹ̀ fún mi, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Sà, ṣé nítorí owó oṣù ni kí n máa gba ìwọ̀sí?"

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ẹnu fi ń le ní agbègbè náà. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí níbẹ̀ ní 1962. Àwọn mìíràn náà sì wá, títí ilé-iṣẹ́ fi kún ojú ọ̀nà Ọba Akran, tí wọ́n nà dé Agídíńgbì àti Ọ̀gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó dúró. Dunlop, tí ń ṣe táyà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣíwọ́ iṣẹ́ náà ní 2008. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá tilẹ̀kùn, àwọn tí ń tajà fún un yóò kọrí sí ẹnu ọ̀nà èyí tí ó kù. Ọ̀gá kan ṣoṣo lè gbọ́ ìpolówó mẹ́wàá kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ẹnì kan bá sì ti ta ayédèrú fún un rí, ojú ẹni náà ni yóò fi máa wo gbogbo wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pín ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó ní, "Olè ni gbogbo yín," ni a ti rẹ́ jẹ rí. Ìjiyàn kò lè wò ó sàn, ìbéèrè ni kí a fi dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni tí ó tà á fún yín tẹ́lẹ̀ ṣe?" Bí a bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Èkejì ni ti àárẹ̀. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, dísù ti tán, àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ sì ń dúró de èsì lẹ́nu rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹnu dídùn wa. Kí a sọ pé, "Mo rí i pé ọwọ́ yín dí, ọjọ́ wo ni kí n padà wá?" Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀gàn: ẹni tí ó kàn fẹ́ràn láti máa tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Èyí kò ní oògùn lọ́wọ́ ọlọ́jà. Kí a kí i, kí a fi ìwé ọjà wa sílẹ̀, kí a máa lọ.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló, tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìletò dé ìletò ní ìdajì kìn-ín-ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Àwìn ni wọ́n ń tà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba owó wọn. Inú gbólóhùn tí wọ́n ń sọ fún ajigbèsè ni orúkọ wọn ti jáde: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Líle wọn nídìí gbèsè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé ẹni tí yóò gbé aṣọ àwìn lé àjèjì lọ́wọ́ kò lè fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun yóò tún gba ọ̀nà náà padà. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa nìyí: ẹni tí ó bá jà lónìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà ọ̀la. Agége fúnra rẹ̀, ìlú obì ni kí ó tó di ìlú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń kó obì láti ibẹ̀ lọ sí Òkè Ọya. Kò yẹ kí ọlọ́jà ibẹ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Bí ẹni náà bá tilẹ̀ ń pè wá ní "ìwọ", kí a má ṣe sọ "ẹ" tiwa di "o". Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ nìkan; ẹni tí kò bá jẹ́ kí ọ̀wọ̀ bọ́ lẹ́nu òun ni ìjánu ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sùúrù ní ààlà. Ẹni tí ó bá bèèrè rìbá kí ó tó rajà, ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ọ̀dọ́bìnrin tí ó wá polówó, tàbí ẹni tí ó bá fẹ́ luni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá ti ẹnu burúkú. Kí a kúrò níbẹ̀, kí a sì sọ fún ọ̀gá tiwa. Kí ọ̀gá náà má sì torí ọjà tí a kò tà halẹ̀ mọ́ni.

Èyí ni mo sọ fún ọmọ náà. Mo ní pípè tí wọ́n pè é ní alágbe kò sọ ọ́ di alágbe. Baba tí ó fà wọ inú ọ̀rọ̀ ni ó fún wọn láyè láti lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà lọ. Ó tọrọ àforíjì nítorí baba tí ó bú. Kò tọrọ àforíjì nítorí pé ó wá tajà. Ọ̀gá náà kò ra ọ̀dà ní ọjọ́ náà, ó kàn bèèrè iye rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ kò tì í síta mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi èyí ṣeré nínú kíláàsì: kí ọ̀kan ṣe ọlọ́jà, kí èkejì ṣe ọ̀gá tí inú ń bí, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Ó sàn kí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa ju kí wọ́n lọ kọ́ ọ ní ẹnu géètì lọ. Ó dìgbà o.