Ohùn Orílẹ̀-Èdè Létí Aráyé

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, ilé-iṣẹ́ Markpress ní ìlú Geneva ń bá Bìáfúrà fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Òkè-Òkun. Àlàyé ìjọba àpapọ̀ kò sì tètè dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé ìjọba kò lẹ́nu. Ohùn Nàìjíríà ti ń bá aráyé sọ̀rọ̀ láti 1962. Òfin ọdún 1976 ló dá ilé-iṣẹ́ akóròyìnjọ ti ìjọba sílẹ̀; iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n níní ẹnu púpọ̀ ọ̀tọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bára mu ọ̀tọ̀.

Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ méjì láti Òrò-Àgọ́ lọ sí Òmù-Àrán, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò fi sí wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí láàrin ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Síbẹ̀, ìṣọ̀kan ohùn kò gbọdọ̀ di ìbòmọ́lẹ̀ òtítọ́: irọ́ tí gbogbo ìránṣẹ́ panupọ̀ pa, irọ́ náà ni.